Igun Pátákó Tí Ìyá Mi Kò Rí Mọ́

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ìfaradà ilé wa ní Iléṣà tó dákẹ́ láti ìgbà tí gbogbo wa ti fọ́n ká. Èmi àbíkẹ́yìn yín dọ̀bálẹ̀ láti Surulere, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí gọ́tà parí sí tí títì ti bẹ̀rẹ̀. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Bọ́lánlé, tí wọ́n ń fi ilé ọkọ wọn ní Òṣogbo sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ nítorí yín. Mo kí bàbá àlùfáà àti gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ní ìjọ wa. Mo kí Ìyá Bísí, aládùúgbò wa, lọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kí wọ́n lè rí i kà. Ẹ ní ó ti rẹ̀ yín láti máa ṣàlàyé ara yín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹ rán ọmọ lọ sí yunifásítì, kí ọmọ náà fi ìwé rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Ilé-iṣẹ́ wa ní Yaba kò ju yàrá méjì lọ lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ètò tí àwọn ilé ìwé fi ń to èsì ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà ni à ń ṣe níbẹ̀, mo sì gbà pé iṣẹ́ tó ń tún ọjọ́ ọ̀la ọmọ ènìyàn ṣe ni, bí owó oṣù rẹ̀ tilẹ̀ ń kọ́kọ́ gba ọwọ́ onílé àti ọwọ́ awakọ̀ kọjá kó tó dé ọwọ́ mi. Ẹ má ṣe dààmú nípa oúnjẹ. Káyọ̀dé, tí a jọ gba yàrá, ọmọ Mushin ni, ebi kì í pa ẹni tó bá ń bá ọmọ Mushin rìn. Ohun tí n kò mọ̀ kí n tó dé Èkó ni pé ènìyàn lè rìn láàárín èrò láti Costain títí dé Yaba, kí èjìká rẹ̀ máa kan èjìká ẹlòmíràn, kó má sì gbọ́ ohùn kan ṣoṣo tó pe orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Ọ̀pọ̀ wa ni irú èyí ń bá jà ní àwọn yàrá kéékèèké wọ̀nyí, a kàn kì í sọ ọ́ lórí fóònù ni. Bí ilé bá béèrè, a ó ní dáadáa ni.

Ọpẹ́ ni pé mo ti kọ́ yín ní ṣẹ́ẹ̀sì ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ kúrò nílé. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Mo gbé ayò náà sórí tábúlẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n rà fún yín, èyí tí ẹ kọ̀ láti pè ní nǹkan mìíràn ju síléètì lọ. Mo ṣàlàyé pé oníkálukú ní ọmọ ogun mẹ́jọ níwájú, àti ọba, olorì, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì àti ilé ìṣọ́ méjì lẹ́yìn wọn. Pé ẹni tí ọba rẹ̀ bá há ni wọ́n pa láyò. Nígbà tí mo dé orí bíṣọ́ọ̀bù, tí mo ní kì í rìn tààrà, pé ìdábùú ló máa ń gbà láti igun pátákó kan dé igun kejì, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ ní ẹni tó dá ayò yìí sílẹ̀ ti ní láti jókòó nínú ìpàdé ìjọ rí.

Kò pẹ́ tí ayò yín fi ní ìwà tirẹ̀, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bo orúkọ mọ́lẹ̀, n ó mọ̀ pé ìyá mi ló ta á. Ẹṣin ni ẹ máa ń kọ́kọ́ mú jáde, ẹ ní àlejò là ń kọ́kọ́ fún ní àga. Olorì yín kì í jáde kí ọba tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìṣọ́. Ẹ kì í fi ọmọ ogun dẹ ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ẹ ó pòṣé sórí síléètì bí ẹni tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ máa kiri. Ẹ máa ń lọ́ra, èyí sì máa ń bí àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá ta lórí ayélujára nínú. Ṣùgbọ́n ìparí ayò ni agbára yín wà. Nígbà tí pátákó bá ti ṣófo, tó ku ọba àti ọmọ ogun díẹ̀, tí àwọn tó ní kánjú bá ti rò pé ayò ti tán, ìgbà náà ni ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó. Ọmọ Òṣómàáló ni yín lóòótọ́. Ẹ ó lóṣòó tì í, ẹ ó sì máa sin ọmọ ogun kan ṣoṣo lọ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dé òpin pátákó, tí yóò di olorì. Ẹ ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni, ẹ ní kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, pé kò sí ọmọ tí kò lè parí ilé ìwé bí olùkọ́ rẹ̀ bá ní sùúrù.

Ẹ máa ń kí gbogbo ẹni tí ẹ bá fẹ́ bá ta kí ẹ tó ta. Ẹ ó kọ "ẹ kú ìjókòó" ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí láyé. Ọkùnrin kan láti òkè òkun tilẹ̀ ti ń dá a padà fún yín bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò mọ̀ pé òun ti di ọmọ ilé. Ní ti àwa ọmọ yín, èyí tí kò ní aago ni ẹ máa ń bá wa ta: ìta kan láàárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, tí síléètì á fẹ̀yìn ti agolo mílíìkì lórí tábìlì. Bí mo bá jí tí mo rí i pé ẹ ti ta, mo mọ̀ pé ẹ jí ire, mo sì lè gbéra lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ọkàn ọmọ tó ti kí ìyá rẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fi nǹkan sílẹ̀ fún mi láti jẹ. Bíṣọ́ọ̀bù mi yóò lúgọ sí igun lọ́hùn-ún, olorì yín yóò sì rọra wá dúró sójú ọ̀nà rẹ̀. Mo rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kí ni kí n tún rò, Màmá? Ṣebí ẹ̀yin ni ẹ máa ń sọ pé ẹran máa ń há yín léyín, tí ẹ ó sì gbé e sínú àwo mi. Mo ní ìyá mi ti tún bẹ̀rẹ̀, ó mọ̀ pé ọmọ òun dá wà ní Èkó, ó fẹ́ kí n fi ìgbádùn sùn. Nítorí náà, n kò jẹ ẹ́. N ó ta nǹkan mìíràn ní ibòmíràn, kí ẹ lè rí àyè gbé olorì yín kúrò. Láìsọ fún mi, Ẹ̀gbọ́n Bọ́lánlé ń ṣe bákan náà ní Òṣogbo. Ọ̀wọ̀ ni àwa méjèèjì pè é. Ẹ̀yin ní tiyín rò pé a kò rí i. Ẹ sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ẹ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn yín pé àwọn ọmọ yín kò mọ ayò ta.

Káyọ̀dé ni kò mọ gbogbo ètò yìí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fi ayò kí màmá, mo sì fún un ní orúkọ tí ẹ ń jẹ́ lórí ayélujára. Ó jẹ olorì yín kíá. Ẹ tún ayò tò, ó tún jẹ ẹ́. Ẹ pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ ní irú ọmọ wo ni mo ń bá gbé, ẹ ní ṣé wọn kì í kọ́ ọmọ ní Mushin láti fi nǹkan sílẹ̀ fún àgbà ni. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún un, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun bẹ màmá, pé ní Mushin, bí èèyàn bá fi ẹran sílẹ̀ fún àgbà, kí àgbà tó nawọ́, ẹlòmíràn ti gbé e. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun fẹ́ bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, kí n má bínú. Ó ní bí bíṣọ́ọ̀bù òun bá wà láàárín pátákó, màmá kì í gbójú fò ó, wọn a máa lé e kiri ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti wà ní igun, bíi pé kò sí níbẹ̀ ló rí. Ó ní òun kò rò pé màmá ń fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹnì kankan. Òun rò pé màmá kò rí i ni.

Mo bínú sí i, Màmá. Mo ní kí ló mọ̀ nípa ìyá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, mo ṣí àwọn ayò tí ẹ ti bá àjèjì ta, mo sì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ló sọ. Igun ni gbogbo ìpalára yín ti ń wá.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ Ìyá Bísí wá yé mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ìyá Bísí kí màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, màmá mi kò dáhùn. Wọ́n tún juwọ́ sí i lọ́jà, ó kọjá lọ. Wọ́n wá sọ fún ẹgbẹ́ ìyá pé Tíṣà ti di ẹni ńlá, ọmọ ti wà l'Ékòó, ọrùn kò ṣeé yí mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ wọn kò tẹ ilé wa. Bẹ́ẹ̀ ni màmá mi náà ń jókòó nílé, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ṣe tí ọ̀rẹ́ òun fi kọ̀yìn sí òun. Ìyá Bísí, ẹ forí jì wá. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹ ti kí i, màmá mi kò sì rí ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọjà tó ń pariwo, ọwọ́ tí ẹ jù kò dé ojú rẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún pàdé rẹ̀, ẹ bọ́ síwájú rẹ̀, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó kí i. Ẹ ó rí i pé ọrùn náà ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ìkúnlẹ̀ náà sì wà ní ìmúrasílẹ̀.

Ẹ rántí, Màmá, bí a ṣe jà kí ẹ tó gbà láti wá sí Èkó. Ẹ ní kí ló ṣe ojú yín, ṣebí ẹ ń ka Bíbélì yín, títí kan àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé. Àga tí ẹ fi ẹsẹ̀ gbá, ẹ ní wọ́n gbé e síbi tí kò yẹ ni. Nígbà tí ẹ dé yàrá wa, Káyọ̀dé nà gbalaja sílẹ̀, ó ní òun ni ọ̀dájú tó ń jẹ olorì, ó sì fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ ní ẹ kò tíì dárí jì í, ṣùgbọ́n kó dìde.

Ní ilé ìwòsàn ojú, wọ́n ní kí ẹ gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ tó dà bí abọ́ ńlá, kí ẹ tẹjú mọ́ iná kan ní àárín, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnì nígbàkigbà tí iná mìíràn bá ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ ẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà tí ẹ parí, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún dókítà pé kó má bínú, ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́, púpọ̀ nínú iná rẹ̀ kò tàn. Dókítà náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga rẹ̀ wá síwájú yín, ó ní gbogbo iná náà ló tàn. Ó ní gìlọ́kómà ni, pé omi inú ojú ló ń tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, pé ẹ̀gbẹ́ ìríran ló ti máa ń jí ojú ènìyàn kó, a sì máa fi àárín sílẹ̀ títí dé ìkẹyìn; nítorí náà ni ẹ ṣe ń ka Bíbélì tí ẹ kò sì rí aládùúgbò. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kán oògùn sójú lójoojúmọ́ láìpa ọjọ́ kankan jẹ, èyí tó kù lè bá yín kalẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ bi í: ṣé ẹ ó máa rí ojú àwọn ọmọ yín? Ó ní ọwọ́ yín ló wà, Màmá, àti ọwọ́ ìgò kékeré yẹn.

Ẹ padà sí Iléṣà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n pè mí. Wọ́n ní ìgò náà ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Nígbà tí mo bi yín, ẹ ní ó ń ta yín lójú, àti pé ní ọjọ́ mélòó kan tí ẹ fi lò ó, ẹ kò rí nǹkan kan tó mọ́lẹ̀ sí i; ẹ ní oògùn wo ni yóò máa ná ọmọ lówó tí kò ní wo nǹkan kan sàn? Ẹ tún ní ẹ ti gbé síléètì wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, pé ayò wà fún àwọn tó ní ojú. Mo gbé fóònù sílẹ̀, n kò sì lè ṣiṣẹ́ kankan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín níwájú gbogbo ayé, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Owó oògùn kì í ṣe ẹrù yín. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n ti fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Dókítà ní bó bá ń ta yín lójú, òmíràn wà tó rọ ojú lọ́rùn jù ú lọ, kí a sáà sọ fún òun ni, kí a má dá a dúró fúnra wa. Oògùn náà kò sì wá láti mú ojú mọ́lẹ̀. Ó wá ṣọ́ ohun tó kù ni. Ẹ̀yin ni mo rí tí ẹ fi ọmọ ogun méjì àti ọba kan borí ẹni tó ní ilé ìṣọ́. Ẹ kò sọ nígbà náà pé ohun tó kù kò tó. Kí ló dé tí ó wá jẹ́ ojú ara yín ni ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọ̀tá láìjà? Káyọ̀dé ní kí n sọ fún yín pé a lè dín pátákó náà kù lójú síléètì, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè wọ àárín ibi tí ẹ ṣì ń rí. Dókítà ní kí ẹ máa yí orí lọ sápá ọ̀tún àti òsì kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ayò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ fi ilé sílẹ̀ wá sí Yaba, sí Mushin, sí Surulere, mo ń sọ èyí fún ara wa. Bí òbí wa bá ju nǹkan sílẹ̀, kí a má ṣe máa yára fi ọ̀wọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Bí ìyá bá gbàgbé, bí bàbá bá fi ẹsẹ̀ kọ, kí a béèrè. Ọ̀wọ̀ tí kì í béèrè nǹkan kan lè sọ àgbà di ẹni tó dá wà láàárín àwọn ọmọ rẹ̀.

Màmá, ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ayò èmi àti ẹ̀yin tí a kò tíì parí ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí kí ẹ tó wá sí Èkó. Olorì yín wà lójú ọ̀nà bíṣọ́ọ̀bù mi. Èmi ni ó kàn láti ta, n kò sì fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà. Mo ti ń wá ibòmíràn tí n ó ta sí. Láàárọ̀ òní, mo jẹ olorì náà. N kò ní tọrọ àforíjì lórí rẹ̀. Ẹ ṣì ní ilé ìṣọ́ kan àti ọmọ ogun mẹ́ta lápá òsì, mo sì mọ irú ẹni tí mo ń bá ta, nítorí náà ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Kí Ọlọ́run tó dá ojú pa tiyín mọ́. Kí ẹ rí ọmọ, kí ẹ rí ọmọ ọmọ, kí ẹ sì mọ ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹsẹ̀ yín má ṣe gbá ohun tí yóò gbé yín ṣubú. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí bàbá àlùfáà, kí ẹ kí gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò. Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ń retí ìdáríjì.

Ẹ kán oògùn yín, kí ẹ gbé síléètì jáde. Ẹ̀yin ló kàn.

Èmi ni ọmọ yín tó jẹ olorì yín,

Ọlátúnjí